Wọ́n Kí Látúndé Kú Iṣẹ́

Látúndé lóṣòó sẹ́yìn fìríìjì rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì bí ẹni pé igba obìnrin ń gúnyán níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá tú ẹ̀rọ ilé ara rẹ̀. Fìríìjì gan-an ló ń fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Bí eèrà bá wúkọ́ ní Ìlọrin, yóò gbọ́ ọ ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n kò tutù mọ́. Àwọn atúnṣe ìjọba ní kí wọ́n dúró oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀ tó wà nínú fìríìjì yóò bàjẹ́ tó bá di ọ̀la.

Ìyàwó rẹ̀, Móríyìkẹ́, ń fọ abọ́ gbàgà-gbàgà kí ariwo nọ́ọ̀tì tí Látúndé ń tú má baà jáde. Ó sì ń pariwo kí fìríìjì lè gbọ́: "Bàbá Mojí ti lọ Ìsẹ́yìn o! Kò sí nílé rárá!"

Ni ìyá Látúndé bá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Látúndé! O kú iṣẹ́ o!"

Ta ni í gbọ́ ìyẹn tí kì í dáhùn? Ẹnu Látúndé kò dúró gbàṣẹ.

"Oò! Ẹ ṣé, mà."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Móríyìkẹ́. Ilẹ̀kùn fìríìjì ti ara rẹ̀ pa gbáà mọ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Mojí," fìríìjì wí jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ wo ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, wọ́n ń kí ọ. Dá wọn lóhùn."