Kí N Ṣáà Ti Gbọ́

Láti ọjọ́ tí sítọ́ọ̀ Àrínọlá ti jóná ní Ìbà ni oorun ti dágbére fún Sàdíátù. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, àgbọn gbígbẹ ni wọ́n ń tà fún àwọn òyìnbó. Sítọ́ọ̀ ti Sàdíátù wà létí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́, àgbọn kún un dé àjà, epo ń jáde lára wọn, èèpo àgbọn sì ń rú èéfín lábẹ́ pẹpẹ tí wọ́n fi ń yan wọ́n. Sítọ́ọ̀ náà nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Ó lọ kí Àrínọlá kú àdánù. Orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló bá a, eérú yí i ká.

"Ká ní mo gbọ́ ni, Sàdíátù," ni Àrínọlá ń wí. "Ká ní mo tètè gbọ́! Garawa omi mélòó kan ì bá ti pa iná náà. Oorun ni mo sùn. Ọdẹ tí mo gbà náà ń hanrun."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Sàdíátù gbé délé. Bó bá ń fọ abọ́, á dáwọ́ dúró. "Kí n ṣáà ti gbọ́ ni tèmi," á sọ fún Àríkẹ́ ọmọ rẹ̀. "Ì báà jẹ́ ìhòòhò ni mo wà, màá sáré jáde."

Dáúdà, àbúrò rẹ̀, ló mú ìròyìn wá pé ẹ̀rọ kan wà ní Èkó tó máa ń ké bí iná bá sọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Marina. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, Adéníjì lorúkọ rẹ̀, gbé ẹ̀rọ méjì ka orí tábìlì.

"Òjé tín-ín-rín kan wà nínú àwọn méjèèjì, Ìyá," ló wí. "Bí ooru bá mú un, á yọ́. Bó bá ti yọ́ báyìí, bátìrì á jí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á figbe ta. Ohùn nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀."

Agogo ni ti àkọ́kọ́. Adéníjì lù ú, Sàdíátù sì mi orí.

"Agogo ilé-ìwé nìyẹn. Bó bá dún ní Ọ̀jọ́, wọ́n á ní àwọn ọmọ fẹ́ lọ jẹun ni. Èkejì ńkọ́?"

"Fèrè ni. Òun làwọn òyìnbó lò nígbà ogun Hítílà, bí ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá bá ń bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà á."

"Jẹ́ kó dún ká gbọ́."

Adéníjì bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ìyá, ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé! Bí èyí bá dún ní Marina, gbogbo panápaná Èkó á tú síta."

"Ó ròkè tó yẹn?"

"Ẹ gbé e kọ́ sí Ọ̀jọ́, Ìbà á gbọ́."

"Dì í fún mi," ni Sàdíátù wí.

Dáúdà kan fèrè náà mọ́ igi àjà sítọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dán an wò, ó kọ̀. "Òjé kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá yọ́, ó tán nìyẹn." Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sàdíátù sùn, ó sùn bí ọmọ tuntun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àgbà olórò kan papò dà ní Ìbà. Wọ́n kéde pé Orò máa jáde láti ìrọ̀lẹ́, kí obìnrin Ìbà àti ti Ọ̀jọ́ má yọjú síta. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò wọn gba Ìbà lọ, Dáúdà náà bá wọn lọ. Mùsùlùmí ni Sàdíátù, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n obìnrin wo ní Ọ̀jọ́ ni kò mọ̀ pé bóbìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e? Ó wọ́n omi sí èèpo àgbọn abẹ́ pẹpẹ, ó gbójú sókè wo fèrè rẹ̀, ó sì lọ ti ara rẹ̀ àti Àríkẹ́ mọ́lé.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Mògàríbì tán ni ohùn kan dún. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ròkè, ó ń hu. Sàdíátù fẹ́ná àtùpà pa, ó wọ́ Àríkẹ́ mọ́ra, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ẹní.

"Ìyá," ni Àríkẹ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Orò a máa dánu dúró díẹ̀. Èyí ò tíì mí."

"Panu ẹ dé! Inú ló ń bí i."

"Ìhà ọ̀sà ló ti ń dún..."

"Ṣé o fẹ́ kó gbé wa ni?" Sàdíátù fọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu. Lọ́dọ̀ Àìná, aládùúgbò wọn, ẹnikẹ́ni ò wúkọ́. Òórùn èéfín ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, Sàdíátù sì mọ̀ pé ògùṣọ̀ àwọn ọmọ awo ni, wọ́n ti dé tòsí. Ó fi ìborùn bo orí àwọn méjèèjì kí ojú wọn má baà ṣèèṣì kan ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí Orò fò wọ́n dá.

Ohùn náà ké, ó ké, ó sì dákẹ́ lójijì.

"Alihamudulilai," ni Sàdíátù wí. "Ó ti kọjá."

Wọ́n ṣì wà lórí ẹní nígbà tí ẹnì kan ń gbá ìlẹ̀kùn, tó ń pe orúkọ Àríkẹ́. Ohùn Dáúdà ni. Sàdíátù dìde, ó ṣílẹ̀kùn.

Dáúdà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa òfìfo, eérú bò ó dé ìpéǹpéjú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìbà lọ́hùn-ún la ti gbọ́ fèrè yín tá a fi sáré wá, kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ò jáde?"