Tòmátì Màmá Nankivell

Gbogbo Adelaide ló mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá wá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin nǹkan sínú omi nínú ilé, láìsí yẹ̀pẹ̀, tòmátì ló máa ń pè é lẹ́nu, igbó ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Clive Pascoe fi wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Àmọ́ láti oṣù méje, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ń gbin lẹ́túsì nìkan ló ń wọlé. Ọjà ń tà wàràwàrà, inú Clive ò sì dùn. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí kò bá rí oníbàárà gidi kan kí oṣù yìí tó parí, kó di ẹrù rẹ̀, Oodnadatta ló ń padà sí, níbi tí eṣinṣin ti pọ̀ ju èèyàn lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí nígbà tí Màmá Nankivell wọlé. Ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá bí ayaba.

"Yàrá kékeré kan ni mo ní. Èwo ló dáa nínú mẹ́ta yìí?"

Clive fi àkọ́kọ́ hàn án, èyí tí okùn òwú ń fa omi sókè fún gbòǹgbò. "Tọ̀lẹ nìyí, Mọ̀mí. Kò lè ju lẹ́túsì lọ." Ìkejì, korobá ni, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi rẹ̀. "Èyí lágbára, àmọ́ ó ń hanrun bí ọkọ."

"Mo ti sin ọ̀kan. Mi ò ra òmíràn."

Ìkẹta, ọ̀pá gbọọrọ tí omi ń ṣàn gbà láìdúró. "Kò láriwo, ó sì ń yára. Àmọ́ bí iná bá lọ fún ìgbà díẹ̀, gbòǹgbò á gbẹ."

"Iná kì í lọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ìkẹta ni mo fẹ́. Ṣé o ní aṣọ dúdú tí mo lè ta sí fèrèsé? Mi ò fẹ́ kí Glenys tó ń gbé òdìkejì rí ìmọ́lẹ̀."

Clive sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ ẹ́?"

"Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó bá tọ́ tèmi wò, kì í lè fẹnu kan ti ẹlòmíràn mọ́."

"Kí lẹ fẹ́ gbìn gan-an, Mọ̀mí?"

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tòmátì."

Clive fúnra rẹ̀ gbé ẹrù náà dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kí màmá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, bó bá bàjẹ́, àwọn á wá tún un ṣe nílé.

"Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa nílé," ni màmá wí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ládùúgbò, Clive ti wà lórí fóònù. "Ọ̀gá, mo ti rí ọ̀kan."

"Jẹ́ kí ohun tó gbìn dàgbà ná," ni ọ̀gá dáhùn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Kọ́sítébù Clive Pascoe àti ọlọ́pàá mẹ́fà mìíràn já ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà, wọ́n sì bá igi tòmátì mẹ́jọ níbẹ̀, pupa fòò, èyí tí Màmá Nankivell fẹ́ fi gba ife ìdíje ọ̀gbìn lọ́wọ́ Glenys.