Ìkuukùu Ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ Gé

“Ẹ jẹun kí ẹ tó sùn o.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ kẹ́yìn nínú yàrá náà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó já bọ́ ni aránṣọ ń wá lọ́wọ́, kò gbójú sókè dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ló ṣì ń sùn sí. Ìborùn obìnrin náà wà lórí àga, kò gbé e kúrò. Nígbà míì, ohun kan á pa á lẹ́rìn-ín, á yíjú sí àga náà kó tó rántí.

Nínú gbogbo ìwé ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan ló fẹ́ràn jù: ìtàn obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ó ti kà á títí ẹ̀yìn ìwé náà fi ya.

Àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, wá kí bàbá rẹ̀, ó sì fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ni, wọ́n tò wọ́n bí ìkuukùu.

“Inú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá, Bàbá. Wọ́n á kó ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jọ. Èyí tó bá pọ̀ jù ló máa tóbi jù.”

“Ṣé a lè fi ìwé màmá yín ṣe é?”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.”

“Rárá. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é.”

Kò sọ ìdí. Ó ti rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn oníbàárà á ti wọ tiwọn gbó, tirẹ̀ á ṣì wà nínú báàgì láìní apá. Èyí ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lára ògiri kó tó di Sátidé, kó lè hàn pé òun náà mọ ohun tí obìnrin náà fẹ́ràn.

Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ègé bébà fọ́n ká ilẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ bàbá.

“Bàbá! Kí lẹ gé?”

“Ìwé màmá yín ni. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí a kó ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jọ?”

“Kọ̀ǹpútà ló ń kó o jọ! Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìwé!”

Aránṣọ wo sísọ́ọ̀sì náà. “O ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀.”

“Ayé ò sọ fún mi.”

Ọmọ náà gbé èèpo ẹ̀yìn ìwé náà sókè. Òfìfo ni. “Ìwé tí Màmá fẹ́ràn jù! Tí wọ́n bá rí i…”

“Wá wò ó ná.”

Ó ti to gbogbo “dúró” inú ìwé náà pọ̀ sórí páálí, títí wọ́n fi di DÚRÓ kan gàgàrà láàárín. “Ilé” tẹ̀ lé e. “Òkun” yí etí ká.

“Ibo ni ‘ìfẹ́’ wà?”

“Òun nìyẹn nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìwé náà sọ ọ́. Bíi tèmi.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa gọ́ọ̀mù mọ́ra, ó jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, onífírémù gbé gíláàsì wá. Ó ń fo bébà bí ẹni tó ń fo ẹrẹ̀.

“Ilé tí ò ní ìyàwó nìyí! Ẹ ti rù o, Télọ̀.”

“Ògiri ni mo ní kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe èmi.”

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà kọ́ sára ògiri, ó dojú kọ àga náà.

“Ẹ rò pé á dùn mọ́ wọn nínú?” ni onífírémù béèrè.

“Ìyẹn ni mi ò mọ̀,” ni aránṣọ wí, ó sì tún nu gíláàsì náà.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ tó gbé ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti ilé àkọ́bí wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fọn fèrè lẹ́nu géètì, obìnrin náà sì ń pariwo pé kí ẹnì kan wá gba ẹrù. Aránṣọ kò tíì gbálẹ̀, kò tíì fọ abọ́ kankan, kò tíì rí ẹ̀dà ìwé náà mìíràn rà, kò sì tíì ronú irọ́ tó máa pa.