Máàsítà Sátidé Mẹ́sàn-án

Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé ni olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Sábóngàrí, Kánò. Ó ní yàrá tirẹ̀, ó ní fáànù tirẹ̀, ó sì ní kọ́tìnì búlúù tó fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lára àwọn tísà yòókù. Ìwé ẹ̀rí ni kò ní. Nígbà tí táàmù kejì bẹ̀rẹ̀, Màdáámù Oyèníkẹ́ tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ pè é.

"Àwọn òbí ń bèèrè ibi tí ẹ ti kọ́ṣẹ́," ni Màdáámù wí. "Ẹ wá máàsítà nínú ìgbaninímọ̀ràn kí táàmù kẹta tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Pírámárì Kẹta ò ní tísà."

Ọmọ márùndínláàádọ́ta ló wà ní Pírámárì Kẹta, kò sì sí fáànù níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Olúdélé gidigidi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Yunifásítì ìjọba ní ọdún méjì ni. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù gba oṣù méjìdínlógún, ìdánwò sì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀fọn. Ọjọ́ kan ló wá rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná ní Niger Street: máàsítà láàárín Sátidé mẹ́sàn-án, kò sí ìdánwò rárá. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti forúkọ sílẹ̀.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Virtue, ọmọbìnrin Pírámárì Karùn-ún, ká kọ́tìnì wọlé.

"Sà, akwai magana," ló wí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò ni. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Háúsá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, sà."

Olúdélé wo aago. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe ní kíláàsì Sátidé wà níwájú rẹ̀, ó dá lórí bí a ṣe ń fetí sí ọmọdé. Ó ní kí ó padà wá ní Tọ́sìdeè.

Òkè ilé ìtajà kan ní Tarauni ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Pùròfẹ́sọ̀ wọn máa ń wọ kóòtù nínú ooru, ó sì ń da Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Ẹ má gba ọmọ nímọ̀ràn nígbà tí ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀," ló sọ fún wọn. Olúdélé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Nígbà tí Virtue padà wá, Olúdélé ń kó ìwé sínú báàgì.

"Sà, ṣé ẹ ṣì máa lọ sí kíláàsì yín ní Sátidé?"

Inú Olúdélé dùn pé òkìkí rẹ̀ ti kan dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. "Mo máa lọ. Nítorí tiyín ni."

"Ẹ má lọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná."

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé.

Nígbà tí àsìkò àpilẹ̀kọ tó, Virtue ló kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìka ọmọ náà máa ń dúdú, èyí tó fi hàn pé kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Pé ó ti ṣàròyé fún tísà kíláàsì rẹ̀ pé ariwo máṣíìnì ò jẹ́ kí òun kàwé nílé. Pé bàbá rẹ̀ kò yọjú sí ìpàdé òbí rí. Pùròfẹ́sọ̀ kà á, ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. "Bàbá irú ọmọ báyìí yẹ kó tijú," ló kọ sí etí ìwé náà, ó sì fún Olúdélé ní A.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé kẹsàn-án, Màdáámù gbé ìwé ẹ̀rí náà sókè níwájú gbogbo ọmọ. Ó ní òun ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láàárọ̀ yẹn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Virtue nìkan ni kò pa á.

Olúdélé rí i. Ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri, ó pa fóònù, ó sì fúnra rẹ̀ lọ pe ọmọ náà wá. Ó fa àga fún un, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Mo ti wá ráyè gbọ́ ẹ. Kí ni bàbá ẹ ń ṣe nílé?"

Omi lé sí ojú Virtue, ó sì wo ògiri.

"Sà, ọjọ́ tí mo rí orúkọ yín nínú ìwé dádì mi ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ fún yín," ló wí, "pé dádì mi ni Pùròfẹ́sọ̀ yín, máṣíìnì ilé wa ló ń tẹ ìwé ẹ̀rí yẹn, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi lẹ òǹtẹ̀ pupa mọ́ tiyín."