Ìwé Abẹ́ Aṣọ

Aránṣọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìwé ìfẹ́ tó ṣí sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé. Ó yára da aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Màmá yí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀kùn, ó sì fa aṣọ ojú fèrèsé.

"Mú un wá."

Aránṣọ fa ìwé náà yọ, ó sì nà án sí i. Ìtàn obìnrin aṣebúrẹ́dì kan ni, àti olólùfẹ́ rẹ̀ tó ní òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í ṣe obìnrin. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè lé ènìyàn kúrò nílé ọkọ.

"Ṣé ọkọ rẹ mọ̀?"

"Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Màmá ṣí ìwé náà wò, ó sì rọra jókòó.

"Bàbá ọkọ rẹ dáná sun tèmi lọ́dún tó kọjá kí n tó kà á tán. Ṣé wọ́n padà fẹ́ra?"

"N ò tíì débẹ̀, mà."

"Kà á sí mi létí. Rọra o."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà dé ibi tí àwọn méjèèjì ti dì mọ́ra nígbà tí ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn.

"Ta ló tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan?" Ohùn bàbá ni. "Mo ń gbọ́ yín o."

Màmá gba ìwé náà, ó tì í bọ abẹ́ aṣọ ara rẹ̀, ó sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn.