Orin Méje Dé Ibi Omi

Èmi ò mọ aago í wò, orin ni mo fi ń wọn ọ̀nà, ó sì dùn mọ́ mi! Láti Ṣakí wa tó ti di aṣálẹ̀ dé òkè kan ṣoṣo tí omi ṣẹ́kù sí lórí, orin méje ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún yanrìn, ogójì ni èyí tí wọ́n ṣe fún àpáta. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ yanrìn sún mọ́lẹ̀ jù, kò lè gun òkè. Ti àpáta ń gùn ún bí ewúrẹ́, àmọ́ bí ìjàpá ló ń rìn nínú yanrìn. Oòrùn á ti sun wá kó tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a bá ń lọ pọn omi, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ méjèèjì ni agbolé kan lè yá.

“Ìyá, èwo ni ká mú?” ni Fẹ́hìntọ́lá ọmọ mi bi mí. Òùngbẹ ti dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ nílé.

“Ti yanrìn. Ẹsẹ̀ mi á ṣe ti àpáta.”

“Ẹsẹ̀ arúgbó yìí náà?”

“Òun náà ló ru oyún rẹ, aláròyé!”

A fò lórí yanrìn, mò ń jó lórí ìjókòó. Bí orin keje ti parí la dé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì rù, mo gun òkè.

Kòtò omi ti gbẹ. Aláǹgbá kan ló ń yá oòrùn nínú rẹ̀.

“Ìyá, ṣé omi wà?” Fẹ́hìntọ́lá ń pariwo nísàlẹ̀.

Mo la ẹnu láti dáhùn, orin kẹjọ ló jáde. Fẹ́hìntọ́lá ṣebí omi wà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ayọ̀.