Pẹ́náritì Karùn-ún ní Kàdúná

Kí oòrùn Sátidé yẹn tó kan àtàrí, wọ́n ti sin Hàbíbátù tán ní Ìwó. Ọdún 1986 ni. Mùrí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wà ní Kàdúná, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó gba ife líìgì yóò ti bá ẹgbẹ́ tó gba ife Ṣálẹ́ǹjì wọ̀yá ìjà ní aago mẹ́rin, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lọ̀gá ní gbogbo Nàìjíríà. Mùrí ni kápútéènì. Nígbà tó kúrò nílé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, koko lara ìyá rẹ̀ le.

Àlùfáà Mùkáílà, bàbá rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ló pàṣẹ. Bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ òkú ti ń gbóná lórí iná, ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí Mùrí.

"Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de èèyàn," ó ní. "Bí Mùrí gbéra báyìí, sàréè la máa fi hàn án."

Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n Mùrí, wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, tó bá dé lọ́la, tó ní kí ló dé tá a fi sin ìyá òun lẹ́yìn òun, kí lẹ fẹ́ ká sọ?"

"Èmi ni màá dá a lóhùn."

Bébà kan wà lọ́wọ́ Ràfíátù, tí Mùrí kọ nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì wọn sí fún ìyá rẹ̀. Mùkáílà nawọ́, ó gba bébà náà, ó kì í bọ àpò. Inú bí Ràfíátù gidigidi. Ó mọ àbúrò rẹ̀. Ìyá ni Mùrí kọ́kọ́ máa ń gbé ife fún kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ò ní dárí jì wọ́n láéláé.

Ládùúgbò wọn, Matthew Oyèlẹ́yẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ló ní tẹlifóònù. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, Àlùfáà Mùkáílà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun ti bá Tíṣà sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ lọ yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Mùkáílà, tí kò gba ti bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ní kí wọ́n tan rédíò. Àwọn tó wá kí wọn wo ara wọn lójú. Rédíò nílé ọ̀fọ̀, kẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Àlùfáà jiyàn lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú?

Oyèlẹ́yẹ wọlé. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Àlùfáà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ti àárọ̀ yẹn, ṣé..."

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀."

Tíṣà jókòó.

Wọ́n gbá a títí, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Àkàrà sàráà ti tutù nínú abọ́. Ràfíátù ń gbọ́ rédíò bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù ilé ẹlòmíì. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn. Ara rẹ̀ kàn kú ni.

Ó di pẹ́náritì. Mẹ́rin wọlé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn gbá ìkarùn-ún wọn, aṣọ́lé mú un. Ó ku Mùrí.

"Kápútéènì ti gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wí. "Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń bu yẹ̀pẹ̀, ẹ̀yin ará. Ó bù ú, ó dà á sílẹ̀. Ó tún bù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bóyá ojú ibẹ̀ ò tẹ́jú ni. Réfirì ń fọn fèrè sí i. Ó ti dìde. Ó gbá a. Ó wọlé o, ó wọlé."

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú ilé. Mùkáílà ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Inú rẹ̀ á máa dùn báyìí," ni Ràfíátù wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Bàbá, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ó ń yọ̀, kò mọ nǹkan kan."

Bàbá rẹ̀ yí ohùn rédíò sókè sí i.

"Kápútéènì ò fò o," ni rédíò ń wí. "Ńṣe ló ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ sọ́dọ̀ wa. Mùrí, o kú oríire. Yẹ̀pẹ̀ tó o bù yẹn, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ni ò dáa?"

"Rárá o, sà," ni Mùrí dáhùn, "wọ́n sin ìyá mi ní Ìwó láàárọ̀ yìí, bàbá mi ló fi fóònù pè mí, wọ́n ní kí n dúró ṣe iṣẹ́ mi, kí n sì da yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta tó kan ọmọ níbi tí mo bá wà."